Irin Ìtúlẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Gbé Ìkòkò Òdòdó

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò kẹ́yìn pọ̀, mi ò rí búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín. Mo wá a nínú ife tó máa ń wà, mo wo abẹ́ abọ́ ìfọwọ́, mo tún padà wo inú ife. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀ níta. Ó jókòó sórí garawa ọ̀dà tó dojú rẹ̀ dé, ó ń ki búrọ́ọ̀ṣì mi bọ inú kẹrosíìnì, ó sì ń fi fọ ara irin.

"Mọ́mì, tèmi nìyẹn," mo ní.

"Mo mọ̀, Dádì. Tèmi ti rọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ run orín lónìí, kí ẹ fi rántí ilé bàbá yín."

Mo wá orín tì. Omi iyọ̀ ni mo fi yọ́ ẹnu, mo sì jáde lọ bá a.

Irin tó ń fọ̀ náà, irin ìtúlẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí katakata láti fi tú ilẹ̀ oko. Ó ti gbó gan-an, ó ṣeé ṣe kó dàgbà ju ọmọ wa lọ. Ó ní òpó irin gígùn kan tó dábùú, àti àwo irin ńlá mẹ́ta tí ẹsẹ̀ irin so mọ́ ọn lára, ìkọ̀ọ̀kan wọn tó àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ tòmátò. Iwájú ilé ni a gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, nínú èsítéètì tí à ń gbé lójú ọ̀nà Ajah. Àwọn aládùúgbò wa máa ń dín eré kù tí wọ́n bá ń wakọ̀ kọjá, kí wọ́n lè wò ó dáadáa.

Kí n sọ ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Ìyàwó mi ní ilẹ̀ kan ní apá Ibeju-Lekki, lára ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìyá wọn ti fi ìlànà kan lélẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kí ìyá náà tó dolóògbé. Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹbí á jọ rin ilẹ̀ náà já. Ibi tí ọmọ kan bá ti dáko sí, tirẹ̀ ni. Ibi tó bá jẹ́ igbó á padà sọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà yẹn, kò sẹ́ni tó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ìyá wọn kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ má ya ọ̀lẹ ni. Àmọ́ èbúté ti dé, ilé ìfọpo ti dé, àwọn tó ń kọ́ èsítéètì sì ti ń tẹ̀ lé wọn bọ̀. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ẹbí ti gbà pé gbogbo ibi tó bá jẹ́ igbó làwọn máa tà pa pọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ kí tirẹ̀ dọ́wọ́ ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá.

Oko ọkọ́ kò ṣeé dá níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó máa ń bá a kọ ebè tẹ́lẹ̀ ti ń po sìmẹ́ǹtì báyìí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, kò sì sí ohun tó lè mú wọn padà sídìí ọkọ́. Bàbá àgbà kan tó ń gbin gbáàgúdá nítòsí ilẹ̀ náà ní katakata, ṣùgbọ́n irin ìtúlẹ̀ tiwọn ti kán sí méjì. Wọ́n ní tí a bá rí irin ìtúlẹ̀ mú wá, àwọn á fi katakata àwọn tú ilẹ̀ wa kí òjò tó dé, àwọn á sì fi tú tàwọn náà. Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá irin ìtúlẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ilé ayágbé.

Níbi tí a ò ròkàn sí la ti rí i. A lọ jẹ ẹja ní Eleko lọ́jọ́ ìsinmi kan, a sì yà sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan létí òkun. Wọ́n fẹ́ ti òtẹ́ẹ̀lì náà pa, wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu ọ̀nà ni irin ìtúlẹ̀ yìí wà. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù àti funfun, ìkòkò òdòdó wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wáyà gílóòbù wẹ́wẹ́ wé e bí igi Kérésìmesì. Ìyàwó mi dúró síwájú rẹ̀ títí ẹja fi tutù.

"Ṣé ojú ọ̀run ni wọ́n fẹ́ fi èyí tú?" ó ní.

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Lóko, ńṣe ni àwo wọ̀nyí máa ń dúró lórí etí wọn, kí wọ́n lè máa yí bí katakata bá ti ń fà wọ́n lọ, kí wọ́n máa gé ilẹ̀, kí wọ́n sì máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jórinjórin tó ṣiṣẹ́ fún òtẹ́ẹ̀lì náà ti tú wọn kúrò, ó ti dojú wọn kọ òkè bí àwo tí ènìyàn fẹ́ bu ìrẹsì sí, ó sì ti fi iná jó wọn mọ́ ibẹ̀ kí ìkòkò òdòdó má baà yí dànù.

"Irú èyí tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́ nìyí," ó ní.

Bàbá rẹ̀ wa katakata ní oko ìjọba kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ ìyàwó mi kó tó lọ kàwé, kó tó di olùkọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí. Èmi ní tèmi, ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo bi í báwo ló ṣe mọ̀ pé irú rẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ ọ́n ni."

"Kí ló ń jẹ́ mo mọ̀ ọ́n ni?"

"Bí ẹ ṣe máa ń mọ̀ mí láti ẹ̀yìn nínú ọjà. Ṣé ojú mi lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?"

A rà á. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù gbé e dé èsítéètì wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò jẹ́ kó wọlé. Ọ̀gá wọn ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gba irin kóńdẹ́mù wọlé mọ́."

"Ta ló pè é ní kóńdẹ́mù? Iṣẹ́ ọnà ni. Ẹ ò rí òdòdó lórí rẹ̀ ni?"

Ó ti fi ìkòkò kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ láti Eleko, ó mọ̀ pé wọ́n máa dá wa dúró. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ wo irin, ó wo òdòdó, ó wá yíjú sí mi.

"Dádì, ṣé iṣẹ́ ọnà ni lóòótọ́?"

"Ohun tó bá ní kó jẹ́ ni," mo ní.

"Ó yé mi, sà. Èmi náà níyàwó." Ó ṣí géètì.

Ọ̀rọ̀ irú irin tó jẹ́ kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Nínú ihò tí àwo kọ̀ọ̀kan jókòó lé, béárìn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kó yí. Béárìn irin ìtúlẹ̀ kan kì í wọ òmíràn, tí ènìyàn kò bá sì mọ ẹni tó ṣe irin náà, òkùnkùn ló ń rà. Èmi ń fi fóònù wá a, òun ń fi ọwọ́ wá a. Mo rí ibi tí àwọn tó fẹ́ràn irin oko àtijọ́ kó àwòrán àti nọ́ḿbà jọ sí, mo sì ń fi àwòrán wé tiwa lójoojúmọ́. Nígbà tí mo rí irin ìtúlẹ̀ búlúù kan tó jọ ọ́, mo rò pé mo ti yanjú rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi béárìn rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ó tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Dádì, ọ̀dà géètì ni búlúù yẹn. Ṣé ọ̀dà géètì lẹ fi mọ ọmọ olóko?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ pé nọ́ḿbà ni a máa wá. Ó ní bàbá òun máa ń fi ẹsẹ̀ nu eruku kúrò lórí nọ́ḿbà kan tó wà lára òpó irin tiwọn, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ katakata. Tí tiwa bá ní nọ́ḿbà níbẹ̀, á jẹ́ pé òun ló borí. Tí kò bá ní, á jẹ́ pé èmi ni mo borí, òun á sì bá mi dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. A tún pe jórinjórin kan tó wá láti apá Ọ̀ṣun, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé lẹ́yìn èsítéètì wa. Òun àti ìyàwó mi tú àwo méjì, wọ́n yí wọn padà bó ṣe yẹ, ìyàwó mi sì fi gírísì tẹ béárìn wọn tó ṣì dára padà sínú ihò. Gbogbo ìgbà tó bá ti tan iná ni ìyàwó mi ń pariwo mọ́ ọn pé ó ń jó o jù. Ó ku àwo kẹta, èyí tí iná ti ba béárìn rẹ̀ jẹ́.

Nọ́ḿbà yẹn ló ń wá lọ́jọ́ tó gba búrọ́ọ̀ṣì mi. Ọ̀dà òtẹ́ẹ̀lì náà nípọn, àwọ̀ mẹ́ta ló wà lórí ara wọn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìlà kan ti hàn lára irin, ó dà bí ẹsẹ̀ nọ́ḿbà méje. Ó tọ́ka sí i. Inú rẹ̀ dùn. A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lórí ìdúró.

Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, ó ní orí ń wúwo òun. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi.

"Ẹ bá mi parí ìyókù. Mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi agbára fọ̀ ọ́ o, kí nọ́ḿbà má baà bá ọ̀dà lọ."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni.

Mo fọ̀ ọ́ bó ṣe wí, jẹ́jẹ́. Nọ́ḿbà náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, àwòrán sì jáde: òpó irin kan náà, ìtẹ̀sí ẹsẹ̀ kan náà, ihò bóòtù márùn-ún yí àárín àwo ká gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n kó irú rẹ̀ lọ sí àwọn oko ìjọba káàkiri ilẹ̀ wa nígbà kan rí. Òun ló borí.

Mo wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ḿbà náà fún un, ketekete, bí mo ṣe máa ń kà á fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó kọjú sí ògiri. Mo kà á tán. Mo ní, "Mọ́mì, ìwọ lo borí. Irú ti bàbá yín ni." Mo dúró kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dà búlúù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo tún nọ́ḿbà náà kà. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ni mo tó mọ̀.

Dókítà sọ pé iṣan kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ ní ìrora. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn ti jẹun, sà. Nígbà tí ọmọ wa pè láti Àbújá, tó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, nọ́ḿbà ara irin ni mo kọ́kọ́ sọ fún un. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń kà á, mi ò sì lè dá a dúró. Ọmọ mi ní, "Dádì, kí lẹ̀ ń sọ?" Mo tún un kà.

Ó ti pẹ́ kí n tó lè kọ èyí sílẹ̀. Ohun tí mo rántí jù nínú àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni bí ohun gbogbo ṣe ń bá mi lójijì. Tí mo bá ṣí ẹ̀rọ omi, omi á jáde, á sì yà mí lẹ́nu pé ó jáde. Mo tan gáàsì, iná jó, mo dúró tì í láìgbé nǹkan kan lé e. Àwọn tó wá kí mi kún iwájú ilé. Wọ́n fi báàgì kọ́ ara irin ìtúlẹ̀, ẹnì kan láti ìjọ wa gbé kúlà ìrẹsì sórí àwo kẹta, tó ṣì dojú kọ òkè. Ó jókòó síbẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jó o bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi rí i pé mo ń wò ó. Ó gbé kúlà náà kúrò, ó sì fi tapólì bo gbogbo irin náà mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí àlejò ti tán, tí ọmọ mi ti padà síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin wá. Àwọn ni olórí ẹbí láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ìjẹ̀bú etí ọ̀sà ni wọ́n máa ń sọ nílé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tún un ṣe díẹ̀ fún mi kó lè yé mi. Wọ́n jókòó, wọ́n gba omi, wọn ò mu ún.

"Àna wa, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Tí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, ẹlòmíràn á wá sọ ọ́ lọ́la, kò sì ní sọ ọ́ dáadáa."

"Ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"A máa rin ilẹ̀ já kí òjò tó dé. Àwọn tó fẹ́ rà ti ń pè. Ibi àbúrò mi, igbó ni."

"Mo mọ̀."

"Ìlànà ìyá wa kò yọ òkú sílẹ̀. Kò yọ èmi náà sílẹ̀. Lọ́dún tí ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, wọ́n gba tèmi, èmi ni mo sì dúró níbẹ̀ tí mo ń fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n fún wọn." Wọ́n gbé ife omi náà, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ̀yin ò lè jogún rẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Ọkọ kì í jogún ìyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ọmọ wa ni. Tí a bá débẹ̀ tí a bá ilẹ̀ títú, tirẹ̀ ni. Tí a bá bá igbó, mi ò ní lè la ẹnu mi."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pè é ní "ibi àbúrò mi," ńṣe ló dà bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Títí di ìgbà yẹn, mo ti rò pé ikú ti mú gbogbo ohun tó fẹ́ mú. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ náà ṣì kù.

Mo fi nọ́ḿbà náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ní béárìn rẹ̀ wà. Mo pe jórinjórin. Ó ti kúrò lẹ́yìn èsítéètì wa, wọ́n ti gbé e lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀nà Ibeju-Lekki, ṣùgbọ́n ó ní òun á yà. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ká tapólì kúrò, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin kalẹ̀, ó wá ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Mọ́mì ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n jáde wá pariwo mọ́ mi, n kò fẹ́ kí wọ́n ní mo ba irin jẹ́ lẹ́yìn àwọn."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Gbogbo ẹni tí mo ti bá pàdé láti ọjọ́ yẹn ló ti gbọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ mi pàápàá, aládùúgbò wa ló gba fóònù lọ́wọ́ mi tó sì bá a sọ ọ́. Mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

"Wọ́n ti kú," mo ní. Mo gbọ́ pé mo fi "wọ́n" pè é, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kọnkéré. Kò sunkún, kò sì kí mi kú àjálù. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ irin náà. Ó wá dìde, ó tan ẹ̀rọ, ó gé ibi tí wọ́n ti jó àwo kẹta mọ́ ihò rẹ̀. Ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń tẹ́tí, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì lè sọ pé ó ń jó o jù. Nígbà tí àwo náà bọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Dádì, ìyókù ò la iná lọ mọ́. Béárìn, gírísì, bóòtù márùn-ún. Sípánà ni. Ẹ lè ṣe é."

"Mi ò ṣe é rí."

"Ẹ wo àwọn méjì yòókù. Bí wọ́n ṣe wà ni kí ẹ ṣe é." Ó ní ọkọ̀ ibi iṣẹ́ àwọn ń dúró, ó sì lọ.

Béárìn dé láti Ìbàdàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo gbé páálí rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, mi ò ṣí i. Mo ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bàbá tó ní katakata ló máa bá mi tò ó. Nígbà tí àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ọ̀sán, mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n gbé irin náà wá lọ́jọ́ kejì, nítorí òjò kò ní jìnnà mọ́. Mo háyà píkọ́ọ̀pù. A gbé irin ìtúlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwo kẹta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní títú, òun àti páálí béárìn àti agolo gírísì.

Ìgbà tí mo dé ilẹ̀ náà, mo bá bàbá náà lórí katakata wọn, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà nínú báńdéèjì láti orí ìka dé ìgúnpá. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ló já lé e, pé ọwọ́ òsì tó wọn láti fi wakọ̀. Awakọ̀ píkọ́ọ̀pù ti ní oníbàárà mìíràn, ó já ẹrù wa, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sì ti jókòó sórí kùkùté àgbọn kan létí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn wọn, mo rí èèkàn tí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti rì mọ́lẹ̀ dé ibi ààlà wa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di èyí mú," mo ní.

"Mi ò lè fọwọ́ kàn án, àna wa. Èmi ni mo máa sọ fún ẹbí pé ó ṣe tàbí kò ṣe. Tí mo bá bá yín dì í mú, wọ́n á ní èmi ni mo túlẹ̀."

"Ẹ ò lè wò mí báyìí kẹ̀."

"Mo lè wò yín dáadáa. Ojú mi ò sí nínú ìlànà."

Bàbá tó wà lórí katakata rẹ́rìn-ín. "Ẹ yára o. Ẹ̀yin àna lẹ máa parí ìjà, èmi ni òjò máa pa."

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko. Mo ṣí páálí. Mo nu ihò náà mọ́ pẹ̀lú aṣọ, mo bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì tẹ béárìn sínú rẹ̀ títí gírísì fi jáde lódì kejì, nítorí mo ti rí i bí ìyàwó mi ṣe ṣe é sí àwọn méjì àkọ́kọ́. Ó wọlé. Mo ti múra sílẹ̀ fún kó má wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó lórí gìgísẹ̀ mi tí mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Mo gbé àwo náà. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi orúnkún gbé e ró, mo ki bóòtù bọ̀ ọ́, mo so gbogbo wọn. Mo dìde láti wò ó. Mo ti dojú rẹ̀ kọ òkè. Oṣù mélòó kan ni mo ti fi ń wò ó bẹ́ẹ̀ níwájú ilé mi, ọwọ́ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jókòó.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n ti rí i ṣáájú mi.

"Ẹ lè sọ ọ́," mo ní. "Ẹnu yín ò kan irin."

"Mi ò rí nǹkan kan," ni wọ́n fèsì.

Mo tú bóòtù márààrún. Òógùn ń wọ inú ojú mi. Mo yí àwo náà padà, mo gbé e dúró lórí etí rẹ̀, mo fi wé àwọn méjì yòókù láti ẹ̀yìn àti láti iwájú. Mo ki bóòtù bọ̀ ọ́. Mo fún bóòtù òkè le díẹ̀, mo fún èyí tó dojú kọ ọ́ díẹ̀, mo yí wọn po bẹ́ẹ̀ títí sípánà kò fi lè lọ mọ́. Mo ti àwo náà. Ó yí. Ó ń yí lọ láìpariwo, mo sì ní láti fi ọwọ́ dá a dúró.

Bàbá náà fi katakata padà sẹ́yìn, mo so irin náà mọ́ ọn níbi mẹ́ta, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n máa lọ. Àwọn àwo wọlẹ̀. Koríko kọ́kọ́ dìde bí aṣọ tí wọ́n ń ká, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ dúdú jáde lábẹ́ rẹ̀, òun àti yanrìn, ó ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò tíì rí inú ilẹ̀ náà rí. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn dé ìpẹ̀kun.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti dìde. Wọ́n rìn dé ibi èèkàn pupa náà, wọ́n mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n fà á tu, wọ́n sì gbé e lọ rì sí òdì kejì ààlà.

"Ti ọmọ yín ni," ni wọ́n sọ. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí èèkàn náà.

Katakata dúró ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ láti yípo. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi sípánà dán bóòtù àwo kẹta wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó tú.